Ohùn Tí Kip Ń Gbọ́

Una Kerslake ti da àwọn àgùntàn náà dé ẹnu géètì lẹ́ẹ̀kẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ kí èyí tó ṣíwájú má baà rí àyè sá kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì dúró sójú kan. Géètì ọgbà wà ní ṣíṣí gbayawu. Kò sí nǹkan kan mọ́ tí èèyàn tún ní láti ṣe. Àgùntàn tó bá dé ẹnu géètì máa ń fẹ́ ronú. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kó ronú tán, á wọlé fúnra rẹ̀, àwọn yòókù á sì tẹ̀ lé e.

Kip, ajá rẹ̀ pupa, dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn agbo, ikùn rẹ̀ kan ilẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára wọn. Una kò sọ̀rọ̀. Kò súfèé. Ó kàn ń mí.

Kip dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

Una na àtẹ́lẹwọ́ sí i. Ajá náà dùbúlẹ̀ padà. Kò pẹ́ tó tún dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún gbé òmíràn. Abo àgùntàn tó ṣíwájú yí orí padà, ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ó sì já gba ẹ̀gbẹ́ Una kọjá. Gbogbo agbo tẹ̀ lé e bí omi inú garawa tí èèyàn ta nípàá. Kí Una tó yíjú padà, wọ́n ti dé ìsàlẹ̀ pápá, wọ́n ti ń jẹ koríko bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ó tún ti ṣe é," Una wí.

Marlee Dunstan, nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó gbogbo àwọn tó ń lo ọ́síjìn nílé ní agbègbè Corabin, gba abẹ́ wáyà wọlé. Ó fi kiní kékeré kan há ìka Una, ó sì wo nọ́ńbà tó yọ lójú rẹ̀.

"Méjìléláàádọ́rùn-ún," ó wí. "Àǹtí Una, ẹ ti rìn yí gbogbo pápá yìí ká, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ yín kò wálẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ẹ ò tíì ní dé ibi àpótí lẹ́tà tó fi máa já sí mẹ́rìnlélọ́gọ́rin."

"Ara tèmi dá. Ajá ni ò dá."

Ẹ̀rọ tó wà léjìká Una kò tóbi ju àpamọ́wọ́ obìnrin lọ. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń fà wọlé, tó sì ń yọ ọ́síjìn inú rẹ̀ sọ́tọ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbé ọ́síjìn náà gba ẹ̀yìn etí méjèèjì wá sí ihò imú. Kì í tú u ṣáá. Ńṣe ló ń dúró de ìgbà tí ẹni tó gbé e bá fa èémí. Nígbà náà ni á tú ìwọ̀n díẹ̀ jáde, á sì dákẹ́ di èémí tó kàn. Ohun tí Una fi yàn án nìyẹn nígbà tí Marlee kọ́kọ́ ṣàlàyé oríṣiríṣi ọ̀nà tó wà fún un. Ó ní òun ò lè gbé ohun tí á máa da ọ́síjìn sínú afẹ́fẹ́ ní gbogbo ìgbà tí òun bá ń mí jáde. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, kò sì fi iná sílẹ̀ rí nínú yàrá tí kò sí ènìyàn.

Koríko gbígbẹ ló ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi ń tú ìdì koríko tó ti bu nínú ahéré tí kò ní fèrèsé, tó ń gbọ̀n ọ́n, tó ń ṣa ibi tó ṣì dára jáde fún ẹran, torí kò fẹ́ kó ṣòfò. Eruku ìbu náà wọ inú rẹ̀, ó dá àpá síbẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró náà sì wá le bí awọ tí wọn kò rẹ sómi. Àpá náà kò ní lọ mọ́. Dókítà ti sọ fún un pé bó bá tún jáde lọ ṣiṣẹ́ láìlo ọ́síjìn, ọkàn rẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀. Una ti ṣèlérí pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í yẹ àdéhùn.

Ọ̀rọ̀ náà kò wá ní ẹ̀ka púpọ̀. Bó bá lè fi ọ́síjìn sí imú kó sì tún da àgùntàn, á dúró sórí ilẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, Kip á lọ sọ́dọ̀ Darcy, àbúrò ọkọ rẹ̀ olóògbé, wọ́n á ta àwọn àgùntàn, òun náà á sì lọ gba yàrá nínú ilé àwọn àgbàlagbà ní ìlú, níbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ fúnni bí ẹni pé ọwọ́ èèyàn ti rọ. Àwọn tó ń rẹ́ irun àgùntàn ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ láti gé irun ìdí àwọn abo náà kí wọ́n tó bí. Ọjọ́ Ajé nìyí. Àwọn yẹn kì í dúró de ẹni tí àgùntàn rẹ̀ ṣì wà ní pápá.

Wọ́n jọ ń rìn padà sílé, díẹ̀díẹ̀, Kip lẹ́yìn wọn.

"Ọmọ ọdún méje ni," Una wí. "Kò hu irú ìwà yìí rí. Láti ìgbà tí mo ti gbé ẹ̀rọ yìí kọ́ ló ti ń ṣe bí ọmọ ajá. Mo rò pé ó ti mọ̀ pé agbára mi ti lọ. Ajá máa ń mọ̀. Ó ti ń wá ọ̀gá mìíràn."

"Kò dà bíi pé ó ń wá ọ̀gá lójú tèmi, Àǹtí. Ẹ wo bó ṣe ń tẹ̀ lé yín."

"Mo ti pe Darcy. Ó ń bọ̀ wá mú un láàárọ̀ yìí."

Marlee dúró. "Ẹ ti pè é?"

"Kí ajá tó dáa tó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, kó lọ síbi tí wọ́n á ti rí i lò."

Una ń bá ìrìn rẹ̀ lọ títí wọ́n fi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èémí rẹ̀ kò tó ohun tó ń fi í ṣe àròyé.

Tíì kò tíì hó tán tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré Darcy fi wọ àgbàlá. Ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú sìgá lẹ́nu, ọkùnrin gíga tó ní irùngbọ̀n funfun, fìlà rẹ̀ sì ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́.

"Pa sìgá yẹn," Una wí kí Darcy tó gun àtẹ̀gùn.

"Èmi náà kí ọ, Una. Ara mi le, o ṣé tí o béèrè."

"Ọ́síjìn ló wà nímú mi. Bí o bá gbé iná sún mọ́ ọn, irùngbọ̀n rẹ ló máa kọ́kọ́ jó."

"Irùngbọ̀n yìí ti wà láyé kí wọ́n tó ṣe ẹ̀rọ rẹ." Ṣùgbọ́n ó padà, ó tẹ sìgá náà pa lára òpó wáyà, ó sì dá ìyókù padà sínú páálí. Ó jókòó, ó gba ife tíì, ó wo Kip tó wà lórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀. "Òun nìyí. Ṣé ó dá ọ lójú? Torí bí mo bá ti mú un lọ, n ò ní gbọ́ ẹkún."

"Ta ló máa sunkún? Mú un lọ."

"Kí ló ṣe gan-an?"

"Kò gbọ́ràn mọ́. Mo ní kó dúró, ó ń lọ."

"Nígbà tó jẹ́ pé ẹnu rẹ gbóná tó bẹ́ẹ̀, ó yà mí lẹ́nu pé kò tíì sá lọ láti ọjọ́ yìí."

Marlee rẹ́rìn-ín sínú ife rẹ̀. Una kàn ń mí. Nísàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, adìẹ mẹ́ta ń tú ilẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ táǹkì omi. Kip ń wò wọ́n bó ṣe máa ń wo ohunkóhun tó bá ní ẹsẹ̀. Ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan sí wọn.

"Dùbúlẹ̀," Una wí. Ó dùbúlẹ̀.

Ó tún dìde. Ẹsẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ó yíjú padà wo Una.

"Ajá ti di darandaran adìẹ," Darcy wí. "Kí n máa bá a ra fìlà."

Marlee ti gbé ife sílẹ̀. "Ẹ dúró ná. Àǹtí, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ kàn máa mí bí ẹ ṣe ń mí."

Gbogbo wọn dákẹ́. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́sẹ̀ àga Una dúró de èémí rẹ̀. Una fa èémí. *Pṣì*, ẹ̀rọ náà wí, kúkúrú, bí ẹni tó fi afẹ́fẹ́ sọ nǹkan láàárín eyín. Kip gbé ẹsẹ̀ kan. Una mí jáde. Kip dúró, ó tún wojú rẹ̀. *Pṣì*. Kip gbé ẹsẹ̀ kan.

"Kì í ṣe adìẹ ló ń wò," Marlee wí. "Ojú yín ló ń wò. Ẹ̀yin lẹ ń rán an níṣẹ́."

"Èmi? N ò la ẹnu."

"Una," Darcy wí, "kí lo máa ń sọ fún un bí o bá fẹ́ kó tẹ̀ sí wọn lára, lẹ́nu géètì?"

"Mo máa ń sọ pé..." Ọ̀rọ̀ náà dúró lẹ́nu rẹ̀.

Ó ti tó ọdún méjì tí kò ti fi ọ̀rọ̀ sọ ìyẹn fún un mọ́. Nígbà tí èémí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ọn, ó wo gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún ajá, ó sì gé èyí tó lè gé. Kò dá súfèé dúró, torí kò sí ohun mìíràn tí ajá lè gbọ́ láti òkè pápá. Láti pe ajá wá sẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ahọ́n kan òkè ẹnu kó dún. Ṣùgbọ́n "sún mọ́ wọn díẹ̀" gùn jù fún ẹni tí èémí rẹ̀ kúrú, ó sì jẹ́ ohun tí èèyàn ń sọ lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọgbà. Ó fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ láàárín eyín rọ́pò rẹ̀. Kip mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Una sì gbàgbé pé ọ̀rọ̀ mìíràn ti wà níbẹ̀ rí.

Ó fi eyín ṣe é nísinsìnyí, jẹ́ẹ́. *Pṣì*. Kip gbé ẹsẹ̀ kan. Adìẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sá lọ sẹ́yìn táǹkì.

"Ọlọ́run mi," Darcy wí. "Ẹ gbé kiní yẹn wá fún mi."

"Ẹ ò ní fi ohun tó wà nímú ẹlòmíràn sí imú yín, Ánkù Darcy," Marlee wí. Ó ti ń wá rọ́bà tuntun nínú àpò rẹ̀. "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, Àǹtí. Bí ẹ bá ṣáà ti jókòó, ẹ lè wà láìsí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀."

Darcy fi rọ́bà sí imú, ó gbé ẹ̀rọ náà sáyà bí ọmọ, ó sì rìn lọ dúró lẹ́bàá táǹkì. Ó fa èémí. *Pṣì*. Kip dìde. Ó fa òmíràn. Ajá náà gbé ẹsẹ̀ méjì, ó dúró, ó wo Darcy, ó wo Una, ó tún wo Darcy. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ọmọdé tí ìyá méjì pè lẹ́ẹ̀kan náà. Níkẹyìn ó jókòó sí àárín méjèèjì, ó sì kọ̀, kò lọ síbi kankan mọ́.

Darcy rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, ẹ̀rọ náà sì ń bá a lọ: *pṣì, pṣì, pṣì*. "Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí," ó wí, "tí ajá rẹ máa gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, n ò sì tíì sọ̀rọ̀."

Una kò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó pe Kip, ajá náà sì gun àtẹ̀gùn wá gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn.

"Mò ń na àtẹ́lẹwọ́ sí i pé kó dúró," ó wí, "mo sì tún ń sọ fún un pé kó lọ. Léraléra. Ó ń ṣe méjèèjì fún mi bó ṣe lè ṣe é tó." Ó fọwọ́ ra etí ajá náà. "Mo bú u lánàá. Mo pè é ní òmùgọ̀."

"Ó ti gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu rẹ," Darcy wí. Nígbà náà ni Una rẹ́rìn-ín, ó sì ní láti dá a dúró kíákíá torí ẹ̀rín ń jẹ èémí.

Marlee dá ẹ̀rọ padà sí imú rẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ ọn.

"Ó dáa," ó wí. "Ṣé a lè kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tuntun?"

"Ta, èmi àbí ajá?"

"Ajá."

"Ohun tó ti ń ṣe láti ọdún méjì, kí n sọ fún un pé irọ́ ni? Kí ó tó gbàgbé rẹ̀, òjò máa ti rọ̀ tán, àwọn tó ń rẹ́ irun máa ti wá, wọ́n á ti lọ. Ọ̀rọ̀ wo sì ni? Mo ti lo gbogbo ariwo tó wà lẹ́nu mi tán. Èyí tó kù nílò èémí."

"Ẹ jẹ́ ká yí ẹ̀rọ padà nígbà náà. Ìbòmú wà, èyí tó ń bo imú àti ẹnu."

"Kí n wá fi kí ni súfèé?"

"Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ ńlá kan wà tó ń tú ọ́síjìn láìdáwọ́ dúró, kì í dún bí èyí. Ó ní táyà lẹ́sẹ̀, èèyàn ń fà á."

"Nínú pápá yẹn?" Darcy wí. "Pẹ̀lú ihò ehoro tó wà níbẹ̀? Á dà bí ìgbà tó ń ti ọmọ kiri nínú kẹ̀kẹ́. Àwọn àgùntàn máa wá kí ọmọ."

"Ìwọ, mu tíì rẹ," Una wí.

"Èyí tó wà nínú yàrá yín náà wà," Marlee wí, "pẹ̀lú rọ́bà gígùn."

"Bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Ó dé ibi ilé ìdáná, kò kọjá ibẹ̀. Èyí tó kàn."

"Àwọn kan wà tí dókítà máa ń dá ihò kékeré sí lọ́rùn, níbí," Marlee fi ìka kan ọ̀fun ara rẹ̀, "rọ́bà á gba ibẹ̀ wọlé tààrà. Kì í fi nǹkan ṣòfò rárá. Ẹ ò ní ní nǹkan kan lójú."

Una rò ó. Ó hàn pé ọ̀rọ̀ pé kì í fi nǹkan ṣòfò wọ̀ ọ́ lára. "Wọ́n ní láti máa fọ̀ ọ́?"

"Lójoojúmọ́. Ìlú ńlá ni wọ́n sì ti ń ṣe é, ẹ máa lọ, ẹ máa bọ̀."

"Rárá. Wọ́n ò ní dá ihò sí mi lára bíi fèrè. Kí ló kù?"

"Sílíńdà ló kù. Èyí tó kéré, nínú àpò ẹ̀yìn. Ó ń tú jáde láìdáwọ́ dúró. Ohùn rẹ̀ kò ju wọ́ọ́ kan lọ, bíi kẹ́tùlù tó wà ní yàrá kejì, kì í já, nítorí náà kò lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kórìíra ni. Bí ẹ bá ń mí jáde, ó ń tú síta. Bí mo bá sì tú u tó bí ẹ ṣe nílò rẹ̀ lórí ìrìn, kò ní pẹ́ tó fi máa gbẹ."

"Ìdajì rẹ̀ á lọ sínú afẹ́fẹ́."

"Ó ju ìdajì lọ."

Una mi orí. Darcy wo ajá, ó wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

"Àyàfi," Marlee wí, ó sì ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wo inú kọ́bọ́ọ̀dù jíjìn, "àyàfi tí mo bá rí rọ́bà oníkòròfo. Mo ti lò ó fún bàbá kan rí. Rọ́bà imú lásán ni, àmọ́ ó ní kòròfo pẹlẹbẹ kan, bí àpò kékeré, tó ń so rọ̀ sáyà. Ohun tó máa ṣòfò nígbà tí ẹ bá ń mí jáde, inú kòròfo yẹn ló ń dúró sí. Èémí tó tẹ̀ lé e lẹ ó kọ́kọ́ fi fa ìyẹn. Ẹ lè dín ọ́síjìn tó ń jáde kù sí ìdajì, kí ẹ sì gba iye kan náà."

"Ó ń tọ́jú àjẹkù."

"Ó ń tọ́jú àjẹkù. Òfin rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹ gbọ́dọ̀ máa gba imú mí jáde. Bí ẹ bá gba ẹnu tú gbogbo rẹ̀, kòròfo ò ní kún."

"Ẹnu ni mo fi ń bá ajá sọ̀rọ̀."

"Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kúkúrú nígbà náà, kí ẹ fi imú parí èémí."

Una wo Darcy. "Máa lọ sílé," ó wí. "Padà wá lọ́jọ́rú. Bí kò bá ṣeé ṣe nígbà náà, wàá mú ajá."

"Mo ti jó epo dé ibí."

"O ti mu tíì mi."

Lọ́jọ́rú, òfuurufú mọ́ kedere, afẹ́fẹ́ tútù, àwọn ẹyẹ mágípáì sì ń dárin lórí igi gọ́ọ̀mù tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Marlee gbé sílíńdà náà sínú àpò, ó fi àpò kọ́ Una lẹ́yìn, ó dè é kó má baà máa jó. Kòròfo náà rọ̀ sáyà rẹ̀ bí ohun ọ̀ṣọ́ tí ẹni tí kò mọ ọ̀ṣọ́ rà. Wọ́n kọ́kọ́ rìn yí ilé ká, Marlee ń ka nọ́ńbà, ó ń dín ọ́síjìn kù, ó ń kà á, títí ó fi rí ibi tó kéré jù tí ara Una gbà. Una fẹ́ kó tún dín in kù. Marlee kọ̀.

"Ẹ má bá mi ná an bí ẹran," ó wí. "Bó ṣe wà nìyẹn."

Darcy dúró lẹ́yìn wáyà, ọwọ́ nínú àpò. Una ti sọ fún un pé bó bá mira, òun á sọ fún àwọn àgùntàn pé òun ló fa gbogbo rẹ̀.

Ó fi fèrè kékeré sẹ́nu, ó súfèé lẹ́ẹ̀kan. Kip lọ. Ó gba apá òsì pápá, ó yí àwọn àgùntàn ká láti ẹ̀yìn, wọ́n sì kóra jọ, wọ́n ń gòkè bọ̀. Una ń rìn lọ pàdé wọn lẹ́nu géètì láìkánjú. Ohùn wọ́ọ́ kékeré ń bá a lọ ní imú rẹ̀, kò sì já. Ó ń mí síta gba imú, bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é. Ó le fún un. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣàìsàn, ẹnu ni ara rẹ̀ máa ń fẹ́ lò.

Àwọn àgùntàn dé ẹnu géètì. Èyí tó ṣíwájú dúró, ó wo inú ọgbà. Kip dọ̀bálẹ̀.

Una na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ó fa èémí. Kip kò mira. Ó tún fa òmíràn. Etí ajá náà nà sókè, ó ń wá ohùn tó ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí, kò sì rí i. Ó gbé àgbọ̀n lé ilẹ̀.

Àgùntàn náà ṣì ń ronú. Méjì lẹ́yìn rẹ̀ ti ń yíjú sí ìsàlẹ̀. Una rí i pé wọn ò ní dúró pẹ́ mọ́. *Pṣì*, ó wí láàárín eyín, Kip gbé ẹsẹ̀ kan. *Pṣì*. Òmíràn. Èyí tó ṣíwájú wọlé, bíi mẹ́wàá sì tẹ̀ lé e pọ̀. Àwọn tó kù há sẹ́nu géètì, wọ́n ń tara wọn. *Pṣì*, Una wí, *pṣì*, ó sì tún ṣe é, ó sì gbàgbé imú. Ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́.

Marlee ti mú wáyà láti kọjá. Una gbé ìka kan sókè sí i: kó dúró.

Ó ti ẹnu rẹ̀ pa. Ó tú èémí jáde gba imú, gbogbo rẹ̀, láìkánjú, nígbà tí agbo rẹ̀ wà ní ìdajì nínú, ìdajì lóde. Ó dúró de kòròfo náà kó kún. Ó fà á. Ó tún tú u jáde. Èyí ni ohun tí kò lè ṣe lọ́jọ́ Ajé, kó dúró kó kàn máa mí, kí ajá náà sì dúró pẹ̀lú rẹ̀. Kip wà nílẹ̀ bí òkúta. Kò sí ohun tó ń pè é. Àwọn àgùntàn tó wà lóde wo ajá tí kò mira, wọ́n wo obìnrin tí kò mira, ọkàn wọn sì rọ̀. Ọ̀kan wọlé. Méjì tẹ̀ lé e. Ìmọ́lẹ̀ padà bọ̀ sójú Una.

Mẹ́rin ló kù, pẹ̀lú arúgbó kan nínú wọn tó máa ń ṣe agídí lọ́dọọdún. Una ní èémí báyìí. *Pṣì*, ó wí, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó sì fi imú parí rẹ̀. Kip gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró, ó fi ojú mú arúgbó náà. Arúgbó náà fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ fún iyì ara rẹ̀, ó sì wọlé.

Una ti géètì, ó fi ṣéènì kọ́ ọ.

Marlee dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó há kiní náà mọ́ ọn níka. "Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ó ti ń gòkè. Àádọ́rùn-ún. Ó lọ sílẹ̀ nígbà kan láàárín, àbí?"

"Ó lọ sílẹ̀. Mo gbàgbé imú."

"Ẹ dẹ́rù bà mí."

"Ó dẹ́rù ba èmi náà." Una yí ẹ̀yìn sí i kó lè wo ìwọ̀n sílíńdà. "Mélòó ló kù?"

"Ó ju ìdajì lọ dáadáa."

"Máa fún mi ní irú rẹ̀ fún iṣẹ́ àgùntàn, má mú ju iye tí mo máa lò wá. Èyí tó ń dún, mo máa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti sí ọjà. Kò sí ajá níbẹ̀."

Darcy ti sún fìlà sẹ́yìn. "Mo rò pé mi ò ní mú ajá lọ lónìí," ó wí.

"O rò ó dáadáa."

"Ọkọ̀ mi á padà lófìfo."

"Àwọn tó ń rẹ́ irun máa dé lọ́la bí ilẹ̀ bá ti mọ́," Una wí. "Bí o bá fẹ́ wúlò, wá ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbá ilẹ̀. Má mú sìgá dání."

Ó tú bẹ́líìtì àpò náà díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún un dè kó lè jókòó dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi ahọ́n kan òkè ẹnu. Kip dìde kúrò lẹ́nu géètì, ó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé lọ, òun ń mí gba imú, ajá ń tẹ̀ lé e ní ìwọ̀n ìrìn rẹ̀.